Bẹ́ ẹ ṣe lè dá igbó àti àpáta ẹbí yín sí l'Ékìtì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí wọ inú

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tí ẹbí ẹ̀ ṣì ní igbó tàbí òkè àpáta kan tí wọn ò tíì tà, tó sì wù ú kó wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ náà bá a níbẹ̀. Mi ò sọ ti igbó ọba o, irú ti Ìsẹ̀ tí ìnàkí ṣì ń gbé, ìyẹn ní ìjọba tó ni ín. Igbó àdáni ni mò ń wí, éékà márùn-ún ni o, éékà àádọ́ta ni o, tí ẹbí fúnra wọn fẹ́ máa mójú tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti fẹ́ ṣe irú ẹ̀, nọ́sìrì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Wọ́n á ra igi rẹpẹtẹ, wọ́n á pe èèyàn, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Tó bá di oṣù kìíní iná á dé, á jó èyí tí wọ́n gbìn, á sì jó èyí tí Ọlọ́run ti gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Etí igbó niṣẹ́ wà jàre. Gbogbo ohun tó ń pa igbó, etí ló ń gbà wọlé: iná, ṣéènsọ̀, màlúù, ọ̀rọ̀ ààlà, àti ọmọ ẹbí tó ń wá owó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ etí yẹn dáadáa, inú igbó mọ bó ṣe ń tún ara ẹ̀ ṣe, torí òjò ò wọ́n wa l'Ékìtì, ó ń kọjá 1,000 mm lọ́dún. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa to iṣẹ́ yìí láti ìta wọ inú.

Kíní: ẹ rin ilẹ̀ náà yí po

Ẹ mú àgbà kan nínú ẹbí dání, ẹ mú ọdẹ kan tó mọ igbó náà, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù, torí ààlà tí aládùúgbò yín ò bá yín rìn, kò tíì di ààlà. Ẹ máa wo pèrègún, ẹ máa wo akòko, ibi tí àwọn bàbá wa bá gbìn wọ́n sí ní ìlà, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ilẹ̀ pín sí. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn kí ẹnì kan tan GPS fóònù ẹ̀, kó máa ṣàmì sí gbogbo kọ̀rọ̀, ibi tí odò wà, ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà kọjá, ibi tí àpáta ti yọrí. Ẹ padà délé kẹ́ ẹ gbé e sórí Google Earth, ẹ ó rí i bí ilẹ̀ yín ṣe rí gan-an, nígbà míì ó máa ń yani lẹ́nu.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ o. Ẹ jẹ́ ká sọ pé hẹ́kítà mẹ́wàá ni, ìyẹn bí éékà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tó bá rí igun mẹ́rin dọ́gba, ẹsẹ̀ ààlà ẹ̀ ò ju bíi mítà 1,265 lọ. Àmọ́ tó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, mítà 100 ní fífẹ̀, kìlómítà kan ní gígùn, ààlà tẹ́ ẹ máa ṣán lọ́dọọdún ti di mítà 2,200 nìyẹn, ilẹ̀ ò sì pọ̀ sí i. Torí náà tí aládùúgbò bá ní kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀ ilẹ̀ kó lè rí roboto díẹ̀, ẹ gbà, kódà kẹ́ ẹ fi plọ́ọ̀tì kan tàbí méjì lé e fún un.

Lẹ́yìn náà ẹ wá pe sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó ri bíkọ̀n, ìyẹn òpó kékeré onísìmẹ́ǹtì tó ń fi ààlà hàn, mọ́lẹ̀. Láàárín bíkọ̀n kan sí ìkejì, ẹ gbin pèrègún. Kò ná yín ní nǹkan kan, ẹ̀ka ẹ̀ lẹ́ ẹ máa gé kẹ́ ẹ kì bọlẹ̀ nígbà òjò, ó máa hù. Bíkọ̀n ṣeé hú lóru kan, ìlà pèrègún ọgọ́rùn-ún ò ṣeé hú kí gbogbo ìlú má gbọ́.

Ìkejì: ẹ jókòó pẹ̀lú ẹbí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, àmọ́ ẹbí tó ti ń lo ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ lábẹ́ àṣà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà yẹn. Tó bá jẹ́ pé olórí ẹbí ló tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tètè dìde. Ẹ má jókòó tẹtẹrẹ títí tí ẹni tó rà á á fi kọ́lé tán.

Nítorí náà ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ jẹ́ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní aṣojú, kódà àwọn tó wà l'Ékòó àti nílùú òyìnbó, ẹ fi WhatsApp pè wọ́n wọlé. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé sílẹ̀: apá ibo la ò ní fọwọ́ kàn rárá, apá ibo la lè máa já ewé tàbí ṣa ìgbín, ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá gé igi. Kí lọ́yà tún un kọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè forúkọ àwọn tó ń mójú tó o sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí incorporated trustees (àwọn alábòójútó tí òfin mọ̀), ó wà nínú CAMA 2020, òfin tí CAC ń lò. Ó ń náni lówó, ó sì ń gba sùúrù, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ó dáa fún igbó tó bá tóbi.

Tilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ńkọ́? Wọ́n máa wá, tẹ́ ẹ bá ti ní àpáta gidi wọ́n máa wá. Ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ìwakùsà ti 2007 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí ìwé kankan lórí ìdúró. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má gba owó ọtí, má gba owó "a wá kí yín", kí lọ́yà kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé ná. Àpáta tí wọ́n bá ti fi dáínámáìtì fọ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbìn ín padà.

Ìkẹta: iná

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ lé jù. Ẹni tó bá ṣe ti iná yìí nìkan dáadáa, tí ò tiẹ̀ ṣe èyí tó kù, igbó ẹ̀ á ṣì wà.

Láti ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí koríko ò tíì le, ẹ ṣán etí igbó yẹn yí po. Àwọn ará fọ́rẹ́sírì ń pe iṣẹ́ yìí ní fáyà tíreesì. Kí ìlà náà fẹ̀ tó mítà márùn-ún, ibi tó bá jẹ́ pé pápá eèsún tàbí ẹ̀kan ló wà lódì kejì, ẹ jẹ́ kó tó mẹ́wàá. Ẹ wá gbọ́ o, ṣíṣán nìkan ò tó. Ohun tẹ́ ẹ ṣán yẹn máa gbẹ, yóò wá di oúnjẹ fún iná, ìlà yín á wá di ọ̀nà tí iná ń gbà sáré. Ẹ fi réèkì wọ́ gbogbo ẹ̀ sí ìta, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, títí ilẹ̀ pupa á fi yọ. Nígbà tó bá di oṣù kìíní tí ọyẹ́ ti mú ewé wálẹ̀, ẹ padà lọ gbá ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbálẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé báwo ni iná ṣe fò kọjá.

Ibi tí odò wà, ibi tí àpáta ti mọ́ gbọnrangandan, ẹ fi wọ́n ṣe ìlà, ẹ má dá ara yín lóró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí òdì kejì ìlà náà, ó dáa, ó tutù, iná kì í tètè gba inú ẹ̀, ẹ sì máa rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, àmọ́ ẹ máa gé ewé ẹ̀ tó bá ti gbẹ. Igi gbígbẹ tó dúró sún mọ́ ìlà, ẹ gé e, torí iná máa gun orí ẹ̀ lọ kó tó fò wọlé. Èyí tó wà ní àárín igbó, ẹ fi sílẹ̀, ẹyẹ àti oyin ń gbénú ẹ̀.

Àwa tá a wà lápá àríwá, lágbègbè Ìkọ̀lé lọ sókè, tó jẹ́ pé pápá ló pọ̀ ju igbó lọ, ọgbọ́n kan tún wà: ẹ lè jó koríko ìta ìlà yín ní kùtùkùtù, ní oṣù kọkànlá tó ṣì ní omi lára díẹ̀. Iná ìgbà yẹn kì í ga, kì í sì í gbóná tó ti oṣù kejì. Ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, kí èèyàn dúró yí i po. Ẹni tó bá wà nínú igbó gidi tàbí tó múlé ti oko kòkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò.

Ibo ni iná ń ti wá ná? Ọdẹ tó ń lé ọ̀yà. Ẹni tó ń fi ìtùfù lé oyin. Ẹni tó ń sun èédú. Àgbẹ̀ tó ń sun oko ní oṣù kejì, oṣù kẹta, tó sun ún lọ́sàn-án gangan tó sì lọ jẹun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ lè tètè ṣe nǹkan sí: ẹ lọ bá wọn nílé kí ìgbà ìsunko tó dé, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sun tiyín, ẹ pè wá, a máa wá bá yín ṣọ́ ọ." Kẹ́ ẹ sì lọ lóòótọ́. Àgbẹ̀ tẹ́ ẹ bá bá sunko, á di ẹ̀ṣọ́ yín lófẹ̀ẹ́.

Tí iná bá wá dé náà ńkọ́? Páńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó wà nílé gbogbo wa, ẹ fọ kẹ́míkà inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ rọ omi sí i, ó wúlò ju garawa lọ torí ẹ̀yìn lẹ máa gbé e sí. Ẹ gé ẹ̀ka tútù tó léwé láti fi pa á. Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ wọ̀, ọ̀rá àti náílọ́ọ̀nù máa yọ́ mọ́ yín lára. Ẹ má ṣe dúró ní iwájú iná, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ máa gbà, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi dé orí ẹ̀. Ìkìlọ̀ tó le jù fún àwa olókè nìyí: iná máa ń sáré gòkè ju bó ṣe ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ, ẹni tó bá dúró sí òkè rẹ̀ kò ní ráyè sá. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo yín mọ orí àpáta gbọnrangandan tẹ́ ẹ máa sá lọ. Tó bá sì kú tán, ẹ má tíì lọlé, kùkùté àti igi tó ṣubú máa ń jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, afẹ́fẹ́ kan báyìí, ó tún ti dìde. Ẹ fọwọ́ sún mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ṣì ń gbóná, ẹ da omi sí i.

Ìkẹrin: àwọn tó ń wọ inú igbó

Ẹ má lé ọdẹ. Tẹ́ ẹ bá lé e, á máa wá lóru, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ pe olórí ọdẹ, ẹ bá a sọ ọ́ bí àgbà: apá ibí yìí a ò fẹ́ ìbọn níbẹ̀ rárá, apá tó kù ẹ lè mú òkété àti ọ̀yà, ẹ má fi iná lé ẹran, ẹ má kẹ́ pàkúté wáyà torí òun ò mọ ẹran tó lóyún. Ìnàkí àti akika tí wọ́n ń pa nítorí ìpẹ́ ara ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ló dáàbò bo ìyẹn, kì í ṣe ẹbí yín nìkan. Ẹ wá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ méjì máa rin ààlà fún yín, kẹ́ ẹ máa fún wọn ní owó oṣù. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó dà bí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n máa ń gbà wọlé.

Ti màlúù, Èkìtì ti ní òfin tó de jíjẹko káàkiri láti 2016, Àmọ̀tẹ́kùn náà sì wà láti 2020. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ wá sẹ́ríkí àwọn Fúlàní tó wà lágbègbè yín kẹ́ ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ bá yín jókòó, kẹ́ ẹ fi ààlà hàn wọ́n. Ìjà inú igbó ò dáa, ẹ má dá kojú ẹnikẹ́ni. Àwọn onígẹdú ní tiwọn, ẹ kùn àwọn igi ńlá yín ní nọ́ńbà, ẹ ya fọ́tò wọn, kí àwọn onígẹdú mọ̀ pé ẹ ti kà wọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ṣéènsọ̀, ẹ pe Àmọ̀tẹ́kùn àti ọ́fíìsì fọ́rẹ́sírì, kẹ́ ẹ sì jọ lọ dènà ọkọ̀ àwọn onígẹdú náà lójú títì, ibẹ̀ ló ti rọrùn jù.

Àwọn ìyá tó ń já ewé eéran, tó ń ṣa àpọ̀n, tó ń ṣa ìgbín nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé. Ewé eéran fẹ́ràn abẹ́ igi, ibi tí igbó bá tán, ewé ọ̀hún náà tán, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ figbe ta tí ẹnì kan bá ń gégi. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi ọmọ ìgbín sílẹ̀, kí wọ́n má fa ewé tu ti gbòǹgbò.

Tí ojúbọ bá wà nínú ẹ̀, ẹ bá àwòrò sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Igbó tí àwọn bàbá wa fi ẹ̀rù pa mọ́ ló ṣẹ́ kù jù ní ilẹ̀ wa, ẹ wo igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tí UNESCO mú wọ ìwé ní 2005. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ò gba ti òrìṣà, ibẹ̀ ni igi tó dàgbà jù lọ wà, ìwọ̀nyẹn ló ń fún gbogbo igbó ní hóró èso.

Ìkarùn-ún: inú igbó fúnra ẹ̀

Ewé Akíntọlá ni ọ̀tá àkọ́kọ́ (àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yín ṣe). Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó máa ń bo ibi tí oòrùn bá ti ń kanlẹ̀, ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń jó bí ẹni pé epo wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn iná òun náà ló ń kọ́kọ́ hù padà. Kì í ṣàwa nìkan nirú ẹ̀ ń bá fínra o. Ní ìlà oòrùn Oregon l'Ámẹ́ríkà, ilẹ̀ òkè tó gbẹ bí aṣálẹ̀, tí òjò ọdún kan ò tó 300 mm lọ́pọ̀ ibẹ̀, koríko àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní cheatgrass ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fáwọn tó ń dá ilẹ̀ àdáni sí: ó ń tètè gbẹ, iná ń mú un, igbó sagebrush (igi kúkúrú ibẹ̀) tí kì í tètè padà á kú, koríko yẹn á gba ilẹ̀. Àmọ́ àwa ní ohun tí wọn ò ní, ìyẹn ni òjìji igi. Akíntọlá ò lè gbé abẹ́ òjìji. Ẹ fà á tu nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kó tó yọ òdòdó lápá ìparí ọdún, ẹ má kàn ṣán an torí á tún rú jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí igi bo ibẹ̀.

Igi wo? Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá àwọn kùkùté tó ń rú, ẹ yan ọ̀mùnú kan tàbí méjì tó lágbára, ẹ gé èyí tó kù, ẹ já ìtàkùn kúrò lára ẹ̀. Ọmọ igi tó ń hù fúnra wọn, ẹ so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí lébìrà tó ń ṣán má bẹ́ ẹ lórí. Ibi tó bá ṣófo pátápátá nìkan lẹ máa gbìn nǹkan sí, nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀: ọ̀mọ̀, afàrà, arère, orógbó. Ìrókò ńkọ́? Ẹ má gbìn ín ní ìlà gbọọrọ sínú oòrùn, kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń mú kí ewé ẹ̀ wú kókó kókó, orí ẹ̀ á wá jẹrà. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín igi míì tó ń ṣíji bò ó, ìyẹn ló máa ń yè. Tíìkì àti mẹláínà, ẹ lọ gbìn wọ́n sóko yín.

Ìkẹfà: orí àpáta

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí àpáta ò ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni aṣálẹ̀ tiwa l'Ékìtì, òjò rọ̀, omi ṣàn lọ, oòrùn gba ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àpáta ti dagun, ẹ ó rí koríko kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta, ìdí ẹ̀ dúdú, ó le, nígbà ọyẹ́ ewé ẹ̀ á ti ká kò, á sì rí bí eérú, ẹ máa búra pé ó ti kú. Afrotrilepis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kó tó pẹ́ ewé gbígbẹ yẹn kan náà á padà di àwọ̀ ewé. Òun ló ń di iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ mú, ó sì ń dá omi dúró kó má ṣàn gbá oko ìsàlẹ̀ lọ. Kì í tètè dàgbà rárá, ẹsẹ̀ èèyàn tó bá ń gbà á lójoojúmọ́ á ká a nílẹ̀ bí ẹní.

Torí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí èèyàn máa gbà gun àpáta, lórí òkúta lásán, kẹ́ ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Àwọn tó ń sá láfún, ẹ fún wọn ní ibì kan tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ha ibi tuntun. Àwọn tó ń gun òkè lọ gbàdúrà náà, ẹ bá wòlíì wọn sọ̀rọ̀: àdúrà ò ní wàhálà, àmọ́ àbẹ́là àti iná ìdáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti o.

Ìkeje: ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ owó

Ẹ dúró síbi kan náà lóṣooṣù, ẹ ya fọ́tò sí ìhà kan náà. Ẹ kọ ẹyẹ àti ẹran tẹ́ ẹ rí tàbí tẹ́ ẹ gbọ́, òfàfà tó ń ké lóru náà wà lára ẹ̀. Ẹ lè lo iNaturalist, áàpù orí fóònù tí wọ́n fi ń kọ ẹran àti ewéko tí wọ́n rí sílẹ̀, ó máa ń fi ibi tí ẹran tó ti ń tán wà pa mọ́. Facebook kì í fi pa mọ́ o, ẹ má lọ gbé fọ́tò akika síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ abúlé, àwọn tó ń rà á ń ka Facebook ju yín lọ.

Owó iṣẹ́ yìí, ààlà ṣíṣán àti owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ilé oyin ni mo fẹ́ràn jù láti fi bo díẹ̀ nínú ẹ̀, torí oyin fẹ́ igbó, ẹni tó ń ta oyin ò sì ní fẹ́ kí iná wọ ibẹ̀. Àlejò tó fẹ́ wá wo ẹyẹ náà lè san owó. Ti carbon credit (owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí igbó ẹ̀ ń fa èéfín kúrò nínú afẹ́fẹ́) tí gbogbo ayé ń pariwo, igbó kékeré ò tètè rí nǹkan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí kẹ́ ẹ kó ìwé ilẹ̀ fún òun, ẹ sìn ín dé títì, kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.